A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí kò ṣòro láti túmọ̀. Bí ó ti wù kí onígbàjámọ̀ mọ iṣẹ́ tó, bí ó sì ti wù kí abẹ rẹ̀ mú tó, kò sí ọgbọ́n tí ó lè dá bí ẹni tí ó ni orí kò bá jókòó síwájú rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá yẹ ìtàn àwọn afọ́jú àti ìwé kíkà wò láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, a ó rí i pé ẹ̀yìn olórí gan-an ni wọ́n ti máa ń fá orí yìí. Àwọn tí ojú wọn ríran ni ó máa ń ṣe ohun èlò, àwọn náà ni ó sì máa ń yí i padà nígbà tí ó bá wù wọ́n. Àwọn tí ó fi ohun èlò náà ṣe ojú ni ìròyìn ìyípadà máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn gbẹ̀yìn. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí ìtàn náà ṣe dé abúlé àti àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, nínú fóònù tí àwọn afọ́jú ibẹ̀ ń mú lọ́wọ́ lónìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí pé kì í ṣe àìríran nìkan ni ó sọ afọ́jú di ẹni tí ń yá ojú ẹlòmíràn lò. Ní ayé àtijọ́, etí ni Yorùbá fi ń kó ìmọ̀ jọ, ẹnu ni a sì fi ń pín in. Oríkì, ìtàn ìdílé, ẹsẹ Ifá, àlọ́ àti òwe, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a nílò ojú kí a tó gbọ́ ọ. Afọ́jú tí ó ní etí àti iyè lè mọ ìtàn ìlú ju ẹni tí ó ní ojú méjì lọ. Owó ẹyọ pàápàá, ọwọ́ ni a fi ń kà á, márùn-ún márùn-ún, ọwọ́ afọ́jú kò sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé afọ́jú nílò ẹni tí yóò mú un lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò nílò ẹni tí yóò bá a gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un.

Ìwé ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Nígbà tí Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní ọdún 1853, tí Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, irú ọ̀rọ̀ tuntun kan wọ ilẹ̀ wa, èyí tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ojú yóò fi kàn án. Lẹ́yìn náà ni kòkó dé, pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n, ìwé gbèsè àti rìsíìtì owó orí. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ọ̀kan náà ni àgbẹ̀ tí ó ríran àti àgbẹ̀ tí kò ríran lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Àwọn méjèèjì ni ó ń mú lẹ́tà tọ akọ̀wé lọ, àwọn méjèèjì ni ó sì ń gba ohun tí akọ̀wé bá kà gbọ́. Àìmọ̀wé ti sọ ọ̀pọ̀ olójú di afọ́jú. Ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ọ̀nà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ọmọ olójú lọ sí ilé-ìwé, ó kọ́ a, b, d, ó padà wálé di òǹkàwé. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ìwé abúlé, kò sí ohun tí olùkọ́ lè fi lé ọmọ afọ́jú lọ́wọ́. Ilé ni ó jókòó sí.

Kì í ṣe pé ọ̀nà láti fi ọwọ́ kàwé kò tíì sí. Ọ̀nà náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Louis Braille, tí a bí ní 1809 ní abúlé Coupvray nítòsí Paris, jẹ́ ọmọ ẹni tí ń fi awọ ṣe gàárì ẹṣin. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, irin ṣóṣóró tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ gún un lójú, kò sì pẹ́ tí ojú méjèèjì fi fọ́. Ní 1819, wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọ afọ́jú ní Paris. Lẹ́tà àwọn olójú tí a tẹ̀ kí ó yọ sókè lórí pépà ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ìwé ńláńlá tí ìka ń rìn lórí rẹ̀ bí ìgbín, tí afọ́jú fúnra rẹ̀ kò sì lè kọ. Ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Charles Barbier mú àmì oníkókó méjìlá kan wá síbẹ̀. Braille gé e kúrú sí kókó mẹ́fà tí orí ìka kan lè bò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni nígbà tí ó parí rẹ̀ ní 1824, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1829.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan ọ̀rọ̀ wa gan-an ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ràn àwọn kókó wọ̀nyí, nítorí wọ́n lè fi wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn. Ṣùgbọ́n ní 1840, ọ̀gá tuntun kan, Dufau, gorí àléfà. Ó ríran. Lójú rẹ̀, lẹ́tà tí olùkọ́ olójú kò lè kà yóò ya afọ́jú sọ́tọ̀ kúrò láàrin àwùjọ. Ó fi òfin de Braille, ó sì dáná sun ìwé. Àwọn ọmọ náà kò jáwọ́. Ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, tí àwọn àgbà ń fi kọ́ àwọn kékeré. Igbákejì ọ̀gá náà, Guadet, ni ó yí i lọ́kàn padà, nígbà tí wọ́n sì ṣí ilé tuntun ní 1844, a fi Braille han gbogbo ènìyàn. Ọdún 1852 ni Braille kú. Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ilẹ̀ Faransé tó gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé ní gbangba.

Èyí kò sì ní kí ọ̀rọ̀ náà parí. Ní Amẹ́ríkà, oríṣiríṣi lẹ́tà oníkókó jọ ń du ipò: New York Point, American Braille àti Braille àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí a bá tẹ̀ ní ọ̀kan, ẹni tí ó kọ́ èkejì kò lè kà á. Afọ́jú tí ó ti lo ọdún gbọọrọ láti kọ́ ìka rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ a tún padà di alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó gbàgbé, bí kò ṣe pé àwọn aláṣẹ ti yí lẹ́tà padà. Ọdún 1932 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tó fẹnu kò sórí ẹyọ kan ṣoṣo.

Braille dé ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Àwọn ajíyìnrere dá ilé-ìwé afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri ní 1953. Ilé-ìwé Pacelli bẹ̀rẹ̀ ní Súrúlérè, ní Èkó, ní 1962. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti kọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe. Àwọn ilé wọ̀nyí ti mú agbẹjọ́rò, olùkọ́ àti oníwàásù jáde. Ṣùgbọ́n ìwé Braille wúwo, pépà rẹ̀ nípọn, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn afọ́jú wa kì í ṣe ọmọdé. Ìwádìí tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàrin 2005 àti 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ti pé ogójì ọdún, ojú ènìyàn tí ó lé ní mẹ́rin ti fọ́, pàápàá nípasẹ̀ àrùn tí ń sọ ẹyinjú di funfun, àti glaucoma tí ń jí ojú kó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ ní ọgọ́ta ọdún, tí ọkọ́ àti àdá ti sọ orí ìka rẹ̀ di líle, kò rọrùn fún un láti máa fi ọwọ́ wá kókó tín-tìn-tín lórí pépà.

Ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìbàdàn ti ní rédíò onífáyà láti 1939, nígbà tí rédíò oníbátìrì kékeré sì wọ́pọ̀, ó bá àgbẹ̀ dé ahéré. Afọ́jú àti olójú jọ ń gbọ́ ìròyìn kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Bọ́tìnnì tí a ń yí ní àná ni a ó yí lónìí. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní 2001, kò fi bẹ́ẹ̀ ya afọ́jú sẹ́yìn nínú pípe ènìyàn, nítorí pé bọ́tìnnì rẹ̀ ṣeé fọwọ́ bà, kókó kékeré kan sì wà lórí nọ́ńbà karùn-ún, èyí tí ìka fi ń mọ ibi tí àwọn yòókù wà. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni ó kù tí ó dákẹ́ fún un.

Nígbà tí ojú fóònù di gíláàsì tí ó dán borokoto, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ afọ́jú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn tuntun ti ṣí. Ní 2009, Apple fi VoiceOver sínú iPhone, Google sì mú TalkBack wá fún àwọn fóònù Android. Ètò tí ń ka ohun tí ó wà lójú fóònù sókè ni àwọn méjèèjì. A ó máa pè wọ́n ní akàwé. Bí akàwé bá ń ṣiṣẹ́, fífi ìka kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan kì í ṣí i. Orúkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ó bá jẹ́ ohun tí a ń wá nìyẹn, a ó tẹ gíláàsì náà lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, yóò sì ṣí. Irú fóònù Android olówó pọ́ọ́kú tí ó kún ọjà Mọ́níyà àti Akáńrán lè ṣe èyí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí kò kọ́ Braille rí, tí kò sì ní fi ojú kàn án mọ́, lè gbọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀ ní etí tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ní apá Ọ̀nà-Àrà ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ àti epo pupa ṣì ń jáde nínú oko rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń wá láti Ìbàdàn, owó báńkì sí báńkì ni wọ́n sì ń san. Kí ó tó mọ akàwé, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò pè.

“Ọmọ mi, wá bá mi wo ohun tí ó wọlé sórí fóònù yìí.”

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni, Bàbá.”

Ó di dandan kí ó gbà á gbọ́. Bí ó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ ni yóò sọ sókè fún ọmọ náà. Gbogbo ilé a mọ iye tí ó ní, ẹni tí ó yá lówó, àti ẹni tí ó ń fún lówó ní ìkọ̀kọ̀. Akàwé ni ó dá àṣírí rẹ̀ padà fún un. A kò gbọ́dọ̀ fi ojú kékeré wo èyí, nítorí láàrin Yorùbá, àgbàlagbà tí àṣírí rẹ̀ kò bò ti pàdánù apá kan nínú àgbà rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, fóònù náà gba àtúnṣe tuntun, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní update. Kò sí ẹni tí ó bi Bàbá. Ní òwúrọ̀, ó fi ìka kan ibi tí ó ti máa ń rí iye owó rẹ̀. “Bọ́tìnnì,” ni fóònù wí. Ó sún ìka díẹ̀. “Bọ́tìnnì.” Ó tún sún un. “Bọ́tìnnì.” Ohun tí ó fà á kò ju báyìí lọ: akàwé kò ní ojú, orúkọ tí ẹni tí ó ṣe ètò bá kọ sẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan ni ó ń kà. Bí wọ́n bá ya àwòrán tuntun tí ó dára lójú, tí wọ́n sì gbàgbé láti kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, olójú yóò rí ẹwà, afọ́jú yóò gbọ́ “bọ́tìnnì”. Nígbà mìíràn, akàwé fúnra rẹ̀ ni ó yí padà. Nígbà tí Google ṣe àtúnṣe ńlá sí TalkBack ní 2021, ìfọwọ́kàn onìka púpọ̀ wọ inú rẹ̀, àwọn kan nínú ohun tí ọwọ́ ti mọ́ lára sì gba ọ̀nà tuntun. Àwọn oní-iPhone náà kò bọ́. Àwọn afọ́jú tí ó wà nínú AppleVis, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ti sọ ọ́ di àṣà pé bí ètò tuntun bá ti jáde, wọn yóò to àbùkù rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lè mọ̀ bóyá kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n ṣì dúró.

Bàbá mú fóònù lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tún fóònù ṣe. Ọ̀dọ́ náà fọwọ́ kàn án, kò ṣí. Ó ń sọ̀rọ̀ ni. Kò rí irú rẹ̀ rí. Lójú tirẹ̀, ariwo náà ni àìsàn fóònù. Ó wá ọ̀nà, ó pa akàwé, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti wò ó sàn. Ó dá fóònù tí ó yadi padà fún ẹni tí kò ríran. Ọmọ ọmọ ni yóò tún máa ka owó láti ọjọ́ náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ìjọba ti pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún, owó tuntun kò sì kárí. Títí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dá sí i ní oṣù kẹta, ẹni tí ó fẹ́ ra iyọ̀ ní abúlé níláti fi fóònù san owó. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra oúnjẹ.

Ìṣòro kan tún wà tí ó jẹ́ ti èdè wa nìkan. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ akàwé tí ó wà lọ́wọ́ wa fi ń ka Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ọkùnrin inú ilé, irinṣẹ́ oko, ohun ìrìnnà àti ohun ìjà, gbogbo rẹ̀ a di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn. Nínú ètò Unicode, tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà, ọ ní àyè tirẹ̀, ó sì ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní àyè kan ṣoṣo; a níláti to àmì ohùn mọ́ ọn lára. Ètò tí a kò kọ́ bí a ti ń so wọ́n pọ̀ lè fo àmì náà, tàbí kí ó dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀, kí gbólóhùn sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nítorí náà, àgbàlagbà tí ó gbọ́ Yorùbá ìjìnlẹ̀ níláti máa fi etí wá èdè rẹ̀ nínú ohùn àlejò.

Àwọn kan yóò ní àtúnṣe kò ṣe é má ṣe, nítorí òun ni ó ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Òótọ́ ni. Wọn yóò tún ní àwọn olójú náà ń ráhùn bí fóònù wọn bá yí padà. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Bí bọ́tìnnì bá kúrò ní apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, olójú yóò bínú díẹ̀, yóò sì wá a rí. Bí akàwé bá dákẹ́, ohun tí afọ́jú ìbá fi wá ibi tí ó ti bàjẹ́ gan-an ni ó bàjẹ́. Kò lè ka ìlànà àtúnṣe, kò lè kọ̀wé fi ẹ̀sùn sun, kò lè yí i padà sí ti àná.

Ìtàn kan náà yìí kọ́ wa ní ohun tí ó ń mú un dára. Ọmọ afọ́jú ni Louis Braille. Ted Henter, tí ó dá JAWS sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní 1989, afọ́jú ni. Michael Curran àti James Teh ní Australia, tí wọ́n ṣe NVDA láti 2006 tí wọ́n sì ń fún ayé lọ́fẹ̀ẹ́, afọ́jú ni wọ́n. T. V. Raman, tí ó wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ TalkBack, afọ́jú ni. Níbi tí olórí bá jókòó sí, fífá náà máa ń gún. Òfin náà ti ń bọ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tí ó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláìlera ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ó sì fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí wọn yóò gbà wọlé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025 ni òfin àwọn ará Yúróòpù ti kan fóònù àti iṣẹ́ báńkì. Àtẹ̀gùn báńkì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n orí fóònù ni ẹnu ọ̀nà báńkì wà fún ará oko báyìí. Kí báńkì kọ̀ọ̀kan tó tú ètò tuntun jáde, kí ó pe afọ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí ó fi í lé wọn lọ́wọ́, kí ó sì gbọ́ ohun tí fóònù yóò wí. Kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ.

Dufau kò kórìíra àwọn ọmọ afọ́jú. Ó rò pé òun mọ ohun tí ó dára fún wọn ni. Kò sí ẹ̀rí pé àwọn tí ń ṣe ètò fóònù lónìí kórìíra Bàbá ní Ọ̀nà-Àrà. Wọ́n kàn mú abẹ, wọ́n ń fárí, wọn kò sì bojú wò bóyá olórí wà níbẹ̀.